Ọlọ́run Mọ̀ Pé Mo Máa Ṣẹ́rí Padà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí kí n ròyìn nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún tó kọjá. Kì í ṣe ìtàn ẹ̀rín, mi ò sì sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni lè káàánú mi. Mo kàn rí i pé ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa máa ń sọ nílẹ̀ Ìbàdàn yìí, tí èmi náà ti sọ títí ẹnu mi fi fẹ́ẹ̀ bó, àfìgbà tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́ pa mí.

Ọ̀rọ̀ náà ni "Ọlọ́run ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé káfíńtà ni mí. Béyerúnkà ni sọ́ọ̀bù mi wà. Ilẹ̀kùn o, bẹ́ẹ̀dì o, wọ́dúróòbù o, kò sí èyí tí mi ò kì í ṣe. Ọwọ́ mi dáa, mi ò ní torí ìtìjú parọ́. Àléébù mi kan ṣoṣo ni "lọ́la." Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ fún mi lónìí, lọ́la ni màá bẹ̀rẹ̀. Bí lọ́la bá sì dé, lọ́la míì tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé èmi nìkan ni oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa!

Màmá Àrẹ̀mọ ni à ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi, torí Àrẹ̀mọ ni ilé wọn wà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Màmá ni wọ́n mú mi sọ́dọ̀, tí wọ́n tọ́ mi pọ̀ mọ́ Kàfáyà, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Mo fi ọdún mẹ́ta ju Kàfáyà lọ. Tí ẹ bá wọlé wa nígbà yẹn, ẹ ò lè mọ èyí tí Màmá bí nínú àwa méjèèjì. Òwú ìránṣọ àti bọ́tìnì ni wọ́n ń tà ní Ọjà'ba, òun ni wọ́n fi rán wa níléèwé, òun ni wọ́n sì fi ra àpótí irinṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ní láyé mi.

Wọ́n ti dàgbà báyìí, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ọkọ wọn kọ́ ni wọ́n ń gbé, yàrá òkè, níbi tí fèrèsé ti kọjú sí títì. Àtẹ̀gùn ilé náà, pákó ni, ó sì ti pẹ́. Pákó kẹta láti òkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Inú ààwẹ̀ ni Màmá kọ́kọ́ sọ fún mi. Mo ní, "Màmá, lọ́la." Wọ́n tún sọ ọ́ lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa rọra tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbọ́ mi o! Káfíńtà ló ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó máa rọra tẹ pákó tó ti jẹrà!

Nígbà tó di ọjọ́ Thursday kan, ojú tì mí. Mo gé pákó tuntun ní sọ́ọ̀bù, mo fá a, ó dán. Bí a ṣe kírun Ásárì tán ni mo kó òòlù, ayùn àti ìṣó sínú báàgì, mo fi okùn di pákó náà mọ́ ọ̀kadà mi, mo gba Àrẹ̀mọ lọ.

Mo débẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kan lé ìloro ilé náà. Fóònù mi dún.

Kọ́sítọ́mà mi kan tó ń gbé lápá Gbági ni. Ó ní ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù tí mo ṣe fún òun ò pa dé mọ́, pé àlejò ń bọ̀ wá bá òun, kí n tètè máa bọ̀. Mo ní mo gbọ́, mo pa fóònù.

Mo dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀, torí òun gan-an ló jẹ́ kí n máa kọ èyí: mo dúró tó ìṣẹ́jú kan gbáko. Mo wo inú ilé. Mo wo ọ̀kadà. Iṣẹ́ pákó yẹn ò lè gbà ju ìdajì wákàtí lọ, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó fà mí lápá, kò sẹ́ni tó tì mí. Mo kàn rò ó lọ́kàn mi pé tí mi ò bá lọ, kọ́sítọ́mà máa bínú. Màmá ò ní bínú.

Mo gbé báàgì mi kọ́ èjìká, mo ṣẹ́rí padà.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ nǹkan tí mo bá ní Gbági? Ọkùnrin náà ti jáde! Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀ títí, kò sẹ́ni tó dáhùn.

Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀ pè mí. Ayálégbé ni Ìyá Bọ́sẹ̀, ìsàlẹ̀ ilé Màmá ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ti ṣe tíṣà fẹ̀yìn tì, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo. Ọjọ́ yẹn, igbe ni mo fi gbọ́ ohùn wọn. Mo ti ń sáré kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán.

Màmá ń kó aṣọ tí wọ́n fọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀ kí wọ́n lè sá a. Pákó kẹta yẹn ló dá mọ́ wọn lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n nà sílẹ̀ nídìí àtẹ̀gùn, aṣọ tútù fọ́n ká lára wọn. Wọn ò sunkún. Wọ́n kàn fún ẹnu pọ̀. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n fi oríkì pè mí, wọ́n ní, "Àkànní, ẹsẹ̀ mi ò dá mi lóhùn."

Eegun ìbàdí ló ṣẹ́. Ọsibítù ìjọba la gbé wọn lọ, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n fi irin sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ mọ bí ìbẹ̀wò ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ tiwa. Èèyàn ò dáwọ́ dúró. Ẹgbẹ́ àdúrà wọn ní mọ́ṣáláṣí wá, wọ́n ní àkọsílẹ̀ ni, pé kí Ọlọ́run tó dá ayé ló ti wà níbẹ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì náà wá, wọ́n ní kò sí ohun tó ń bá Ọlọ́run lójijì. Àwọn tí wọ́n jọ tajà ní Ọjà'ba wá láti Mápó, láti Bẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Wọ́n á na ọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n á ní kí n má ro ara mi pin, Ọlọ́run ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Èmi ńkọ́? Mo gbá ọ̀rọ̀ yẹn mú gírígírí! Kódà nígbà tó yá, èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ kí àlejò tó jókòó. "Àmúwá Ọlọ́run ni, a ò lè bá a wí."

Ṣé ẹ rí i, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo ti débẹ̀. Gbogbo ayé mọ̀ pé pákó ti ń mì, wọ́n sì mọ̀ pé mi ò tíì ráyè ṣe é. Àmọ́ pé mo dé ìloro ilé tòun ti òòlù àti pákó tuntun, pé mo dúró, mo rò ó, mo sì padà, èmi àti Ọlọ́run nìkan la mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n ṣubú ni mo lọ kan pákó náà. Mo wo aago. Ìṣẹ́jú márùn-dín-lọ́gbọ̀n ló gbà mí.

Kàfáyà dé láti Ìlọrin níbi tó wà nílé ọkọ. Ó bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ó béèrè pé ṣé Màmá ò sọ fún mi nípa àtẹ̀gùn yẹn ni. Mo ní wọ́n sọ, mo ti ń gbèrò àtiwá ṣe é, àmọ́ nǹkan tí Ọlọ́run bá ti mọ̀ pé ó máa ṣẹlẹ̀...

Kò jẹ́ kí n parí ẹ̀. "Bùọ̀dá Mùfú, ẹ má fi Ọlọ́run bò mí lójú. Ọlọ́run kọ́ ni káfíńtà. Ẹ̀yin ni."

Ó wọlé lọ bá ìyá rẹ̀. Ọmọ yìí ò gbójú sí mi rí láti kékeré. Ìgbà tó sì tún fẹ́ gbójú ọ̀hún, "ẹ" náà ló ṣì fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ìyẹn gan-an ló wá dùn mí jù.

Láti ọjọ́ náà lọ, oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi mọ́. Mo ń gé igi ní ìgékúgèé. Mo ṣe bẹ́ẹ̀dì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dọ́gba, èmi tí mo ti fi ọdún mọ́kànlélógún ṣiṣẹ́! Ìyàwó mi Sìdíkà ń wò mí. Ó ní, "Bàbá Ràfíù, Màmá ò kú o. Dókítà ní wọ́n á rìn. Kí ló wá ń jẹ yín báyìí?" Mo ní kò sí. Ó ní tí mi ò bá lè sọ fún òun, kí n lọ sọ fún Alfa, torí pé òun ò lè máa se ọbẹ̀ fún òkúta.

Bí a ṣe kírun Jímọ̀ tán, mo dúró de Alfa mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa títí èrò fi tú. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo jókòó tì wọ́n, mo dọ́gbọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ bí ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́. Mo ní, "Alfa, tí Ọlọ́run bá ti mọ̀ pé èèyàn máa ṣe nǹkan kan, ṣé ẹni náà tún lè má ṣe é? Tí kò bá sì lè má ṣe é, kí wá ni ẹ̀bi tiẹ̀?"

Alfa ń ká ẹní wọn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yẹn jìn, pé àwọn tó gbọ́n ju àwa méjèèjì lọ ti rì sínú ẹ̀, pé àwọn ò ní ṣe bí ẹni tó mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n wá wò mí. Wọ́n ní, "Kí lo ṣe?"

Mo ní kì í ṣe èmi o, ọ̀rẹ́ mi kan ni.

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọ̀rẹ́ rẹ yìí, nígbà tó fẹ́ ṣe nǹkan náà, ṣé ó ti ka ohun tí Ọlọ́run kọ nípa rẹ̀ ni?"

"Rárá, sà."

"Kì í ṣe àkọsílẹ̀ yẹn ló tẹ̀ lé nígbà náà. Ohun tó wù ú ló tẹ̀ lé. Ìgbà tó wá ṣe é tán ló ń wá ìwé Ọlọ́run kiri."

Mo tún gbìyànjú. Mo ní àmọ́ Ọlọ́run ò lè ṣàṣìmọ̀. Alfa ní bẹ́ẹ̀ ni, kò lè ṣàṣìmọ̀. Ká ní ọ̀rẹ́ mi ti ṣe òdìkejì, òdìkejì yẹn náà ni Ọlọ́run ìbá ti mọ̀ látilẹ̀wá. Wọ́n ní tí ìyọnu bá bá èèyàn, tí ọwọ́ rẹ̀ ò sí níbẹ̀, kó sọ pé Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àmọ́ èyí tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kó wá ẹni tó ṣẹ̀ lọ. Wọ́n dìde, wọ́n ní, "Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé a kì í fi kádàrá tọrọ àforíjì."

Nígbà yẹn, Màmá ti kúrò ní ọsibítù. Yàrá kan nísàlẹ̀ tí wọ́n ń kó ẹrù sí tẹ́lẹ̀ la tún ṣe fún wọn. Kàfáyà ti padà sí Ìlọrin. Láti ọ̀dọ̀ Alfa, mo lọ sọ́dọ̀ Màmá. Mo bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn, wọ́n béèrè àwọn ọmọ. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti pákó tí mo gé, ti ìloro, ti fóònù, ti ìṣẹ́jú kan tí mo fi dúró. Mo tún sọ ohun tí mo rò, pé wọn ò ní bínú.

Màmá jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n wá ní, "Mo rí ọ."

"Ẹ rí mi bí i báwo?"

"Mo wà lójú fèrèsé. Mo rí ìgbà tó o sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Mo rí pákó. Inú mi dùn, mo ní Àkànní dé. Bí fóònù rẹ ṣe wá dún báyìí, mo mọ̀ pé o máa padà."

Ẹnu yà mí. Mo ní kí ló dé tí wọn ò pè mí.

"Mo ń wò ọ́ bóyá o máa já mi nírọ́." Wọ́n mi orí. "O ò já mi nírọ́."

Ẹ̀yin èèyàn, mo ti gbọ́ èébú rí láyé mi. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ yẹn.

Ẹ ò ní gbà pé mo tún fẹ́ jà díẹ̀! Mo ní, "Ṣùgbọ́n Màmá, gbogbo èèyàn ní Ọlọ́run ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Wọ́n ní, "Ó mọ̀. Èmi tí mo kàn tọ́ ọ náà mọ̀, áḿbọ̀sì Ẹni tó dá ọ. Ṣé mímọ̀ tí mo mọ̀ ló gbé báàgì kọ́ ọ léjìká?" Wọ́n gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀. "Ọlọ́run mọ̀ pé o ò ní wọlé, Àkànní. Àmọ́ Òun kọ́ ni kò wọlé."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì. Omi ń bọ́ lójú mi. Mo ní kí wọ́n foríjì mí, pé èmi ni, kì í ṣe ẹlòmíì.

Ìgbà yẹn ni omi bọ́ lójú tiwọn náà, èyí tí kò bọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣubú. Wọ́n ní, "Ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an. Gbogbo ẹni tó bá wá kí mi ló ń sọ fún mi pé Ọlọ́run ló ṣe é. Mo ń ṣe àmín. Mo wá ń dúró kí ẹni tó ṣe é wá." Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti dárí jì mí, pé àforíjì náà ti wà lọ́wọ́ àwọn láti ọsibítù, èmi ni mi ò wá gbà á. Wọ́n ní kí n dìde, kí n má bàa fi òtútù ilẹ̀ gba àìsàn.

Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n ṣe. Wọ́n ní kí n pe Kàfáyà, kí n fi ẹnu ara mi sọ fún un.

Mo pè é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ẹ débẹ̀?" Mo ní mo débẹ̀. Ó ní, "Tòun ti òòlù?" Mo ní tòun ti òòlù. Ó pa fóònù.

Oṣù méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹ̀tọ́ sí i. Nígbà tí Iléyá dé, òun àti ọkọ rẹ̀ wá sílé, ó kúnlẹ̀ kí mi, "Bùọ̀dá Mùfú, ẹ kú ọdún." Ó jẹun nílé mi. Kò tíì rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ a ti ń sọ̀rọ̀.

Màmá ń rìn báyìí, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Wọn ò gun òkè mọ́, dókítà ò sì fún wọn láyè àtigùn ún. Fèrèsé yàrá ìsàlẹ̀ ò kọjú sí títì, nígbà míì wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ló ń lọ níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti béèrè báyẹn, mo máa ń mọ ohun tí mo gbà lọ́wọ́ wọn.

Kí ni mo rí kọ́? Mo mọ̀ pé ìmọ̀ Màmá àti ti Ọlọ́run ò dọ́gba. Mo lè já Màmá nírọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí bí mo ṣe lè já Ọlọ́run nírọ́. Ibẹ̀ ṣì ń rú mi lójú títí dòní, mo sì ti gbà pé ó lè máa rú mi lójú títí màá fi kú. Àmọ́ mi ò ní láti yanjú rẹ̀ kí n tó mọ ẹni tó dúró sí ìloro yẹn. Èmi ni. Tí mo bá fi ìṣẹ́jú kan yẹn fún kádàrá, kò sí ohun tó kù tí màá tọrọ àforíjì lé lórí, kò sì sí ohun tí Màmá máa rí dárí jì. Àwọn tó ń tù mí nínú fẹ́ràn mi, mo mọ̀. Wọn ò kàn mọ̀ pé ilẹ̀kùn àforíjì ni wọ́n ń bá mi tì.

Mo ṣì ń sọ pé Ọlọ́run mọ̀ o. Mo gbà á gbọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ pàápàá. Mi ò kàn fi ṣe gbólóhùn àkọ́kọ́ mọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti fi "àmúwá Ọlọ́run" bo nǹkan tí ọwọ́ yín ṣe rí? Mo fẹ́ ka tiyín nísàlẹ̀ níbí. Kì í ṣe èyí tí ẹlòmíì ṣe fún yín o, a ti mọ ìyẹn sọ jù! Èyí tẹ́ ẹ ṣe ni mo ní kẹ́ ẹ sọ. Tí ẹni tẹ́ ẹ ṣe é fún bá sì ṣì wà láyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́kọ́ sọ fún mi. Ẹ lọ bá a ná.